Àjẹ̀ Ọkọ̀ àti Ìtẹ̀síwájú Ìlú Wa

(Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ kan, ọmọ Ìrẹsà, sọ níbi ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú Ìlú)

   

Nígbà tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ kọ̀wé sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ ọwọ́, mo dá a lóhùn pé èmi yóò sọ̀rọ̀ lórí àjẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkánjú mú kí n gbàgbé láti fi àmì sí orí ọ̀rọ̀ náà. Kò pẹ́ tí èsì rẹ̀ fi dé pé kí n jọ̀wọ́ yan ohun mìíràn, nítorí pé ìpàdé ìlú kì í ṣe ibi tí a ti ń pe àwọn àgbà òru lórúkọ. Ẹ rí i bí Ọlọ́run ti mú olùkọ́ nínú ẹ̀ṣẹ̀ tí ó ń tìtorí rẹ̀ na ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe àjẹ́ ni mo wí, kì í sì í ṣe ajé tí olúkúlùkù wa ń wá kiri. Àjẹ̀ ni: igi tí ó ní ọ̀pá lókè, tí ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ nísàlẹ̀, tí a fi ń tu ọkọ̀ lójú omi.

Ẹlòmíràn lè bèèrè pé kí ni ó pa ará Ìrẹsà pọ̀ mọ́ àjẹ̀. Ìbéèrè náà tọ́. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni ilẹ̀ wa. Igi ẹ̀mì àti igi irú ni a fi mọ̀ ọ́n. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé wà, tí Arẹsà wà lára àwọn ọba Ẹkùn Òsì pẹ̀lú Oníkòyí àti Olúgbọ́n, ẹṣin ni a fi ń ṣe akin, kì í ṣe ọkọ̀ ojú omi. Síbẹ̀, omi kò jìnnà sí wa. Odò Ọbà ń ṣàn ní agbègbè wa, ó sì ń lọ bá Ọ̀ṣun. A ti sé odò náà ní Ògbómọ̀ṣọ́ nítorí omi mímu, adágún ńlá sì wà níbẹ̀ lónìí tí àwọn apẹja ń wá oúnjẹ òòjọ́ wọn nínú rẹ̀.

Láyé àtijọ́ pàápàá, kí afárá tó wà, àwọn ará òkè ní ọgbọ́n tiwọn. Igbá ńlá ni wọ́n fi ń kọjá odò bí Ọ̀ṣun àti Ògùn nígbà tí òjò bá mú kí omi kún. Arìnrìn-àjò yóò rọ̀ mọ́ igbá náà, ọkùnrin tí ó mọ̀ wẹ̀ yóò sì máa tì í láti ẹ̀yìn títí wọn yóò fi dé òdì kejì. Àwọn Òyìnbó ajíhìnrere tí wọ́n rìn nílẹ̀ Yorùbá láàrin ọdún 1850 sí 1870 kọ nípa igbá yìí nínú ìwé wọn. Ẹ kíyè sí i pé nínú irú ìrìn bẹ́ẹ̀, apá ènìyàn ni àjẹ̀. Apá a sì máa rẹ̀.

Bákan náà ni àwọn ọmọ ìyá méjì, Richard àti John Lander, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù Kẹta 1830. Wọ́n gba ilẹ̀ Yorùbá kọjá dé Ọ̀yọ́ Ilé, wọ́n dé Bùsà, wọ́n sì wọ ọkọ̀ lórí Odò Ọya títí wọ́n fi já sí òkun ní ìparí ọdún náà. Ìwé ìtàn sọ pé àwọn méjèèjì ni wọ́n fi ibi tí odò náà ti wọ òkun han àwọn ará Yúróòpù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn dúdú tí a kò mọ orúkọ wọn ni wọ́n mú àjẹ̀ lọ́wọ́. Bí àwọn wọ̀nyí kò bá tu ọkọ̀, ìwé ni ìbá wà, ìrìn kì bá tí sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí èmi fúnra mi ti di ọmọ-ẹ̀yìn àjẹ̀.

Lẹ́yìn tí mo jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, tí mo sì ti kọ́ni fún ìgbà díẹ̀ nílé, mo rí iṣẹ́ sí abúlé kan létí ọ̀sà ní agbègbè Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀pẹ́ yìí ni Ọba Kòsọ́kọ́ lọ tẹ̀dó sí nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ńlá lé e kúrò ní Èkó ní oṣù Kejìlá 1851. Ibẹ̀ ni ó sì wà títí ó fi padà sí Èkó ní 1862. Àwọn ọmọ tí mo bá níbẹ̀ mọ ọkọ̀ í tù kí wọ́n tó mọ ìwé í kà. Èmi sì dé láàrin wọn pẹ̀lú ìgbéraga ọ̀dọ́mọdé olùkọ́. Mo ń kọ́ wọn bí a ti ń fi ọ̀pá gbé ohun tí ó wúwo, mo ń ya àwòrán rẹ̀ sójú pátákó, n kò sì mọ̀ pé ọ̀pá náà gan-an ni wọ́n ń gbé wá sí ilé-ìwé láràárọ̀.

Ní ọjọ́ ọjà kan, mo wọ ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì padà sí abúlé. Àwa mọ́kànlá ni a wà nínú rẹ̀; obìnrin ọlọ́jà ni ó pọ̀ jù, ọmọ ọwọ́ méjì sì wà láàrin wa. Nígbà tí a dé agbedeméjì ọ̀sà, ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń wa ọkọ̀ fa okùn rẹ̀ títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó. Oòrùn ń wọ̀. Afẹ́fẹ́ dìde, ó sì ń gbá wa lọ síbi tí àwọn apẹja ti ri òpó igi mọ́lẹ̀, níbi tí ọkọ̀ lè gbé dojú dé. Àjẹ̀ kan ṣoṣo ni ó wà nínú ọkọ̀. Tuntun ni, a fi ọ̀dà pupa kùn ún, ó ń dán. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kì í bọ omi, ó fà á lẹ́ẹ̀kíní, ó fà á lẹ́ẹ̀kejì; ní ẹ̀ẹ̀kẹta a gbọ́ ìró rẹ̀, ó ṣẹ́. Ojú àjẹ̀ léfòó lọ, ọ̀pá rẹ̀ nìkan ni ó kù sí i lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ará mi, àwọn obìnrin mú abọ́ àti ọmọrí ìkòkò, wọ́n fi ń wa omi. Èmi mú àpótí ìwé mi, mo fi ń wa omi. Ìyá kan tú gèlè rẹ̀, ó fi di ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́. Ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ni ó dẹ́rù bà mí ju afẹ́fẹ́ lọ.

Bàbá arúgbó kan àti ọmọ-ọmọ rẹ̀, tí kò lè ju ọmọ ọdún méjìlá lọ, ni wọ́n rí wa láti ibi tí wọ́n ti ń kó àwọ̀n. Ọkọ̀ kékeré ni tiwọn, àjẹ̀ méjì sì wà lọ́wọ́ wọn, dúdú bí igi tí ó ti pẹ́ lórí àjà. Wọ́n so okùn mọ́ ọkọ̀ wa, arúgbó jókòó sẹ́yìn, ọmọ jókòó síwájú, wọ́n sì ń tù ú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, láìkánjú, títí ẹsẹ̀ wa fi kan ilẹ̀. Kò sí ẹni tí ó kú. Ìdí rẹ̀ ni mo fi lè dúró níwájú yín lónìí.

Nígbà tí a gúnlẹ̀, tí àwọn yòókù ń dúpẹ́, Bàbá náà mú ọ̀pá àjẹ̀ tí ó ṣẹ́, ó sì pè mí. Ó ní, “Tíṣà, wo ojú ibi tí ó ti ṣẹ́. Ṣé o rí iṣan igi yìí? Ó yẹ kí ó gba òkè wá sí ìsàlẹ̀. Ó gbà á ní ìbú, bí ẹni tí ó ń sá kọjá ọ̀nà. Ẹni tí ó ṣe é kò bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ igi.” Mo wò ó, mo sì rí i. Pátákó tí a ti fi ẹ̀rọ là ni wọ́n fi ṣe é. Ẹ̀rọ a máa la igi bí ó ti wu ẹni tí ó tọ́ ọ, kì í bìkítà ibi tí iṣan igi gbà. Ọ̀dà pupa ni ó bo àbùkù náà mọ́lẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé tí ó tẹ̀lé e, mo gbé ìgò ọtí àti obì lọ sí ilé Bàbá náà, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní kí ó kọ́ mi. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọmọ-ọmọ òun wà ní kíláàsì mi, kí n kọ́ ọ dáradára, òun náà yóò kọ́ mi dáradára. Báyìí ni a ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó fi hàn mí ni wíwo igi. Igi tí ó bá dagun kò dára, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ le ju èkejì lọ, bí ó bá sì gbẹ, yóò tẹ̀. Igi tí èèpo rẹ̀ bá lọ́ yípo bí okùn, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni iṣan inú rẹ̀ lọ́. Eléyìí tí ìlà èèpo rẹ̀ bá tọ́ gbọnrangandan, tí kò sì ní kókó ẹ̀ka títí dé ibi tí ọwọ́ kò tó, òun ni a ń wá. Igi apá lágbára, ṣùgbọ́n ó wúwo, kí ọkọ̀ tó dé agbedeméjì, apá atukọ̀ yóò ti kú. Igi arère fúyẹ́, ṣùgbọ́n ó rọ̀. Ìdígbó ni Bàbá náà yàn fún mi. Kò wúwo jù, kò rọ̀ jù, ó sì ṣe é là ní gígùn. Ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ fún mi pé ìdígbó tí ó bá lọ́ kò sàn ju arère tí ó tọ́ lọ. Orúkọ kì í tu ọkọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni lílà. Kò lo ayùn. Ó fi àáké la ojú gẹdú náà, ó ki igi ṣóńṣó bọ̀ ọ́, ó sì ń fi òòlù gbá a díẹ̀díẹ̀ títí ó fi là sí méjì fúnra rẹ̀. Nígbà tí igi bá là báyìí, ibi tí iṣan rẹ̀ bá gbà ni ó ń là gbà. Kò sí iṣan kan tí a gé. Bí ojú lílà náà bá wọ́, ó sọ igi náà nù sídìí iná láìkáàánú. Igi mẹ́ta ni ó sọ nù kí ó tó gba ẹ̀kẹrin. Mo rò pé ó ń fi ohun ìní ṣòfò. Ó dá mi lóhùn pé ó sàn kí igi ṣòfò lórí ilẹ̀ ju kí ènìyàn ṣòfò lórí omi.

Ẹ̀kẹta ni ìwọ̀n. Kò ní rúlà. Ara ẹni tí yóò lo àjẹ̀ ni rúlà rẹ̀. Ó ní kí n dìde dúró, ó sì wọn igi náà láti ilẹ̀ dé àgbọ̀n mi. Ó pín gígùn náà sí ọ̀nà mẹ́ta: ìdá kan fún ojú àjẹ̀, ìdá méjì fún ọ̀pá. Ìbú ojú rẹ̀ tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì. Ní ti ọ̀pá, kí ìka àárín àti àtàǹpàkò lè fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn nígbà tí a bá dì í mú. Bí ó bá sanra jù, ọwọ́ yóò tètè rẹ̀. Bí ó bá tín-ín-rín jù, yóò ṣẹ́. Ó fi èédú pa okùn, ó nà án láti orí dé ìdí, ó ta á, ìlà dúdú tí ó tọ́ sì wà láàrin igi náà. Láti ìgbà náà títí iṣẹ́ fi parí, kò jẹ́ kí n pa ìlà àárín yìí rẹ́. Ohun tí a bá bù kúrò lápá ọ̀tún, a ní láti bù ú kúrò lápá òsì.

Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ilẹ̀ Yorùbá pín iṣẹ́ wọn sí ipele mẹ́rin. Ọnà lílé ni wọ́n ń pe ti àkọ́kọ́, nígbà tí a ń fi àáké ṣá igi sí ìrísí rẹ̀; àlétúnlé tẹ̀lé e, nígbà tí a ń mú ìrísí náà yọ dáradára; dídán ni ẹ̀kẹta; fífín ni ìkẹyìn, nígbà tí a ń fi ọ̀bẹ ya ọnà sí i lára. Àjẹ̀ náà ń gba ọ̀nà yìí. A fi àáké ṣá a. A mú àáké kékeré tí ojú rẹ̀ dábùú bí ti ọkọ́, a fi bù ú tínrín ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n a fi àárín ojú rẹ̀ sílẹ̀ kí ó nípọn díẹ̀, bí eegun ẹ̀yìn ẹja, nítorí pé ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà.

Ní ti ọ̀pá, ohun tí mo rí níbẹ̀ yà mí lẹ́nu. Bàbá náà kò ṣe é róbótó lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kọ́kọ́ jẹ́ kí ó ní igun mẹ́rin dọ́gbadọ́gba. Ó gé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó di mẹ́jọ. Ó tún gé mẹ́jọ, ó di mẹ́rìndínlógún. Lẹ́yìn náà ni ó wá fi ọ̀bẹ há a títí kò fi sí igun mọ́. Báyìí ni ọ̀pá náà fi tọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò igun àti òbìrípo. Ọ̀dọ̀ ẹni tí kò mọ ìwé ni mo ti rí ìlò rẹ̀.

Igi tútù rọrùn láti gbẹ́, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ parí rẹ̀ ní tútù. A gbé e sábẹ́ òrùlé níbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, a kò sá a sínú oòrùn, nítorí pé bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá gbẹ tí inú rẹ̀ kò gbẹ, yóò là. Ó lò ju oṣù kan lọ níbẹ̀. Nígbà tí a mú un jáde, a há a lẹ́ẹ̀kan sí i, a fi ewé ìpín dán an títí ó fi ń yọ̀ lọ́wọ́. Bàbá náà a máa fi àdín pa ojú àjẹ̀ kí omi má baà tètè wọ̀ ọ́. Mo mú òrí láti ilé lọ fún un ní ọdún náà, ó fi pa á, ó sì ní ohun rere ń bẹ ní ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí n fi òróró kankan kan ibi tí ọwọ́ ń dì mú. Ọwọ́ tí ó tutù kò gbọdọ̀ bá ọ̀pá tí ń yọ̀ pàdé.

Ìdánwò ni ó kẹ́yìn. A gbé àjẹ̀ lé orí ìka kan nítòsí ibi tí ọ̀pá ti pàdé ojú rẹ̀, kí a mọ̀ bóyá ó dúró. A fi ẹnu rẹ̀ ti ilẹ̀, a sì fara tì í. Ó yẹ kí ó tẹ̀ díẹ̀, kí ó sì padà sípò. Èyí tí kò tẹ̀ rárá wúwo jù; èyí tí ó tẹ̀ tí kò padà ti kú. Ilẹ̀ ni a ti ń ṣe ìdánwò yìí, kì í ṣe àárín ọ̀sà.

Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé àjẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo dá ṣe bàjẹ́. Mo fín ọnà sí i lára yípo bí òpó ààfin, mo sì rò pé Bàbá yóò yìn mí. Ó fọwọ́ pa á, ó ní, “Tíṣà, ó dára ní wíwò. Ṣùgbọ́n ibi tí o fín yìí, o ti gé iṣan rẹ̀; ibẹ̀ ni yóò ti ṣẹ́. Omi kò sì mọ ọnà í wò.” Fífín yẹ òpó, ó yẹ ìlẹ̀kùn, ó yẹ ère. Kò yẹ ọ̀pá àjẹ̀. Mo fi ti àkọ́kọ́ kọ́ ògiri, mo sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Kí a má ṣe rò pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó wà. Ní ibi tí omi kò bá jìn, ọ̀pá gígùn ni àwọn ará ọ̀sà fi ń ti ilẹ̀. Àjẹ̀ gígùn ti àwọn Òyìnbó sì yàtọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n ń so ó mọ́, ẹni tí ń fà á a sì kọ ẹ̀yìn sí ibi tí ó ń lọ, nígbà tí atukọ̀ tiwa ń kọjú sí i. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Oxford àti Cambridge ti ń fi irú rẹ̀ figagbága láti 1829. Igi ni wọ́n fi ṣe é fún ohun tí ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí fi fọ́nrán èédú ṣe é láàrin ọdún 1970 sí 1980. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń wá: kí ó fúyẹ́, kí ó lágbára, kí ó tẹ̀, kí ó sì padà. Ní Ganvié, ìlú orí omi tí ó wà lórí adágún Nokoué ní orílẹ̀-èdè Benin, àwọn ọmọdé ń tu ọkọ̀ fúnra wọn títí di òní.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n wá sílé. Mo kíyè sí i pé ẹ ń wo ara yín, ẹ ń bèèrè nínú ọkàn yín pé kí ni èyí kan ẹgbẹ́ wa.

Ẹ̀yin ọmọ Ìrẹsà tí ẹ wà lẹ́yìn odi, ẹ kò gbàgbé ilé. Ẹ̀rọ ni ẹ ń fi ránṣẹ́: ẹ̀rọ omi, ẹ̀rọ iná, kọ̀ǹpútà. Èmi kò ní sọ pé kí ẹ dáwọ́ dúró. Ẹ́ńjìnnì dára, òun ni ó ń mú ẹrù ọlọ́jà dé ọjà kí ó tó bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ní ìlú kan tí mo ti kọ́ni rí, tí kì í ṣe ìlú yìí, àwọn ọmọ ìlú dá owó jọ, wọ́n gbẹ́ kànga ẹ̀rọ. Ìlù dún, a pa màlúù. Ọdún náà kò tíì yí po tí rọ́bà róbótó kan, tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, fi jẹ nínú ẹ̀rọ náà. Kò sí ẹnikẹ́ni ní ìlú náà tí ó mọ̀ ọ́n tú, kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí a ń pè é. Àwọn ọmọ kíláàsì mi padà sí odò, wọ́n sì ń pẹ́ dé ilé-ìwé. Ẹ̀rọ náà wà níbẹ̀ tí ó ń dán, bí àjẹ̀ ọlọ́dà pupa.

Ohun tí mo wá sọ fún yín nìyí: ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì tí kò ní àjẹ̀ kò tíì pé. Ohunkóhun tí a bá gbé wá sí ìlú, tí kò sí ọmọ ìlú tí ó mọ̀ ọ́n tún ṣe, a kò tíì gbé e dé. Àárín ọ̀sà ni a wà síbẹ̀, afẹ́fẹ́ ni kò tíì dìde.

Ẹ tún wo Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, tí a dá sílẹ̀ ní 1947. Wọn kò dúró kí ẹnikẹ́ni gbé ọkọ̀ wá fún wọn. Wọ́n kọ́ àwọn ọmọ wọn ní iṣẹ́ ọkọ̀ kíkàn, òkìkí wọn sì kàn jìnnà. Òkun ti gba púpọ̀ nínú ilẹ̀ wọn lónìí, ó sì dunni. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ bá fi ọwọ́ kọ́, ó ń bá a rìn lọ sí ibikíbi tí ó bá sá sí.

Nítorí náà, mo ń fi ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta síwájú Ẹgbẹ́ wa.

Èkíní, bí Ẹgbẹ́ tàbí ẹ̀ka rẹ̀ kan bá fẹ́ fi ẹ̀rọ kan ta ìlú lọ́rẹ, kí a fi orúkọ ọ̀dọ́ méjì tí yóò kọ́ títún rẹ̀ ṣe mọ́ ọn, obìnrin kan àti ọkùnrin kan. Kí owó ẹ̀kọ́ wọn àti owó ohun ìpààrọ̀ wà nínú ìṣirò kí a tó ná kọ́bọ̀ kan lórí ìlù.

Èkejì, kí a kọ́ àgọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan sí ẹ̀gbẹ́ ilé-ìwé, kí a sì máa pe àwọn alágbẹ̀dẹ, gbẹ́nàgbẹ́nà, ahunṣọ àti amọ̀kòkò tí wọ́n ṣẹ́kù wá síbẹ̀ lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀. Kí a sanwó fún wọn bí a ti ń sanwó fún olùkọ́, nítorí pé olùkọ́ ni wọ́n. Àwọn òbí kan yóò sọ pé dókítà tàbí lọ́yà ni ọmọ àwọn yóò dà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ó ti sọ igun mẹ́rin di mẹ́jọ, tí ó sọ mẹ́jọ di mẹ́rìndínlógún, kò ní bẹ̀rù ìṣirò lójú pátákó.

Ẹ̀kẹta kan ọmọ wa èyíkéyìí tí ń bá omi lò, ìbáà ṣe lórí adágún Ọbà tàbí ní ìdálẹ̀. Kí ó má ṣe wọ ọkọ̀ tí kò ní àjẹ̀ méjì tí ó yè, kí ó wọ ẹ̀wù tí ń gbé ènìyàn léfòó, kí ó sì sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tí èrò bá ti kún jù, àní bí wọ́n tilẹ̀ bú u ní ojo. Ojo tí ó dé ilé sàn ju akọni tí a ń wá lójú omi lọ.

Bàbá arúgbó náà ti lọ sí ibi tí àgbà ń rè. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí ó jókòó síwájú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà ti di ọkùnrin. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni ó ń tún ṣe ní Èkó. Nígbà tí mo rí i kẹ́yìn, mo yọjú wo inú ọkọ̀ rẹ̀. Àjẹ̀ méjì wà níbẹ̀, ọ̀kan fún iwájú, ọ̀kan fún ẹ̀yìn. Ó ní bí òun ti mọ ẹ́ńjìnnì tó, bẹ́ẹ̀ ni òun ṣe mọ̀ pé ó lè dákẹ́.

Kábíyèsí, àjẹ̀ ìdígbó tí mo ṣe lẹ́yìn èyí tí ó bàjẹ́ nìyí. Mo gbé e wá láti fi í sílẹ̀ fún ilé-ìwé. Kò ní ọnà lára, kò ní ọ̀dà, ṣùgbọ́n iṣan rẹ̀ gba òkè wá sí ìsàlẹ̀ láìdá níbì kan. Kí àwọn ọmọ wa gbé e lé orí ìka wọn, kí wọ́n fara tì í, kí wọ́n sì bi àwọn olùkọ́ wọn bí a ti ń ṣe é. Bí wọ́n bá bèèrè, mo ti ṣetán láti wá ní Sátidé èyíkéyìí. Obì nìkan ni owó iṣẹ́ mi.

Kí Ọlọ́run bá wa tọ́jú àwọn tó wà nílé, kí ó sì mú àwọn tó wà lájò padà bọ̀ láyọ̀. Ọkọ̀ Ìrẹsà kò ní rì, àjẹ̀ kò sì ní ṣẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́.